Oṣù Wo Lo Ya Fọ́tò Yìí? Ọ̀rọ̀ lórí sátẹ́láìtì àti igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń gba pápá ìjẹko

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ gbé láptọ́ọ̀pù dání, ẹ̀yin darandaran tẹ́ ẹ fi ẹran sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kẹ́ ẹ tó wá síbí, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìnáwó ọkọ̀. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ pẹ́, mo ti gbọ́, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ wo àwòrán láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá gbé máíkì fún un, ẹ̀yin lẹ fà á. (Ẹ̀rín.)

Àkọlé tí wọ́n fún mi ni "Lílo àwòrán sátẹ́láìtì láti máa ṣọ́ bí igi kéékèèké ṣe ń gba pápá ìjẹko nílẹ̀ gbígbẹ". Ó gùn. Mo ti sọ ọ́ di ìbéèrè kan péré, kì í ṣe èmi ni mo ni ìbéèrè náà, bàbá darandaran kan ló fi bi mí, ojú sì tì mí lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí máàpù mi àkọ́kọ́ ni, inú mi ń dùn bí ẹni tó bí ìbejì. Mo gbé láptọ́ọ̀pù sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, mo fi jákẹ́ẹ̀tì bò ó kí oòrùn má bàa pa ojú ẹ̀, mo pe bàbá, mo ní "Bàbá, ẹ wá wò ó, pápá yín ti ń bọ̀ sípò, ó tutù ju ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lọ." Bàbá tẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà yẹn, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá fi orí ọ̀pá wọn tọ́ka síbi tó tutù jù, wọ́n ní "Ṣé ibí yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n ní "Màlúù mi kì í wọ ibẹ̀. Èmi gan-an ò wọ ibẹ̀ mọ́, ẹ̀gún ti fa aṣọ mi ya tán níbẹ̀." Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé sátẹ́láìtì fún wọn, mo ń sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, mo ń sọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀, wọ́n dá mi dúró, wọ́n ní "Ọmọ mi, oṣù wo lo ya fọ́tò yìí?"

Mi ò mọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò mọ̀! Ohun tí mo ṣe ni pé mo kó gbogbo àwòrán ọdún kan pọ̀, mo ní kí kọ̀ǹpútà mú èyí tó tutù jù lójú ibì kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Máàpù mi ò ní oṣù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àwòrán tí mo ṣí tí mi ò kọ́kọ́ wo oṣù ẹ̀.

Ó dáa. Mo fẹ́ pín ọ̀rọ̀ mi sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ni ìṣòro igi yìí gan-an? Ìkejì, báwo ni sátẹ́láìtì ṣe ń dá igi mọ̀ yàtọ̀ sí koríko? Ibẹ̀ ni mo ti máa pẹ́ jù. Ìkẹta, ibi tí máàpù ti ń parọ́ fún wa.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí àkọ́kọ́. Ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹran ti ń jẹko, koríko ló yẹ kó pọ̀ jù níbẹ̀, igi á wà káàkiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tá à ń rí káàkiri ayé báyìí ni pé igi kéékèèké, àwọn tó ń ga dé èjìká èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ń pọ̀ sí i, wọ́n ń so kọ́ra wọn, koríko ò rí oòrùn àti omi mọ́. Mo máa pè wọ́n ní igi ẹlẹ́gùn-ún, kì í ṣe gbogbo wọn ló lẹ́gùn-ún o, àmọ́ èyí tó ń dun darandaran jù lẹ́gùn-ún. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ jẹ́jẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lójoojúmọ́ ò ní tètè fura, àfi ọjọ́ tó bá wá màlúù ẹ̀ tì nínú igbó tí òun fúnra ẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù rí nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ta ló fà á? Mo mọ̀ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, ẹ fẹ́ sọ pé darandaran ni, ẹran ti pọ̀ jù. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, tí ẹran bá jẹ koríko dé gbòǹgbò, igi á ráyè. Àmọ́ mo rò pé à ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ọ̀lẹ. Ẹ wo àwọn Borana, àwọn darandaran kan ní gúúsù Ethiopia. Látayébáyé ni wọ́n ti ń fi iná sun pápá, iná yẹn ló ń pa àwọn ọmọ igi kó tó dàgbà. Ní àwọn ọdún 1970 ìjọba ní òun ò fẹ́ rí iná nínú pápá mọ́. Igi wá gba ilẹ̀. Ta ni ká dá lẹ́bi níbẹ̀, ẹran ni àbí lẹ́tà ìjọba? Tún fi gáàsì kábọ́ọ̀nù-dàyọ́sáìdì inú afẹ́fẹ́ kún un, ó ti kúrò ní bíi 280 nínú mílíọ̀nù kan kó tó di ayé ẹ̀rọ, ó ti ju 420 lọ báyìí, àwọn igi yìí sì ń jàǹfààní ẹ̀ ju koríko ilẹ̀ gbígbẹ lọ.

Ìgbà míì, àwa èèyàn gan-an la fi ọwọ́ ara wa gbìn ín. Ní Baringo, ní Kenya, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n kó Prosopis, igi tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wá pé kó dá ilẹ̀ dúró kó sì pèsè igi ìdáná. Èrò dáadáa ni. Èso ẹ̀ dùn, ewúrẹ́ fẹ́ràn ẹ̀, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ níbí, á lọ yàgbẹ́ kóró ẹ̀ sí ọ̀hún, kóró á hù. Wọ́n ń pè é ní mathenge níbẹ̀. Ṣúgà inú èso yẹn ń ba eyín ewúrẹ́ jẹ́ títí eyín á fi yọ dànù. Ní 2006 àwọn ará ìlú pe ẹjọ́, ẹ mọ ẹ̀rí tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù? Ewúrẹ́ tí ò léyín! Wọ́n fa ewúrẹ́ wọ kóòtù ní Nairobi pé kí adájọ́ ya ẹnu ẹ̀ wò. (Ẹ̀rín.) Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ rò ó wò, báwo ni ìyà ṣe gbọ́dọ̀ jẹ èèyàn tó kó tó fa ewúrẹ́ lọ bá adájọ́?

Namibia ńkọ́? Níbẹ̀, iye ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé igi ti bò jù ti tó bíi mílíọ̀nù 45 hẹ́kítà. Ìyẹn ju ìdajì orílẹ̀-èdè náà lọ. Ta ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin ìyẹn kó máa ka igi? Ohun tó gbé wa dé ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì nìyẹn.

Apá kejì. Ẹ fara balẹ̀ síbí.

Ewé tútù máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, òun ló fi ń ṣe oúnjẹ ara ẹ̀. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa tí ojú èèyàn ò lè rí, infrared ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ò wúlò fún ewé, ṣe ló máa ń ta á padà sókè. Sátẹ́láìtì tó wà lókè ní bíi 700 kìlómítà á ka iye pupa tó padà wá, á ka iye infrared tó padà wá, a ó yọ pupa kúrò nínú infrared, a ó wá fi àpapọ̀ àwọn méjèèjì pín in. NDVI nìyẹn, nọ́ńbà tá a fi ń díwọ̀n bí ewé tútù ṣe pọ̀ tó, gbogbo awo ibẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn lásán, á wà nítòsí 0.1, tó bá jẹ́ igbó kìjikìji á sún mọ́ 0.8.

Ìṣòro wá ni pé ewé ni ewé. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Nígbà òjò, koríko tutù, igi tutù, èpò tí ẹran kì í jẹ tutù, gbogbo wọn fún sátẹ́láìtì ní nọ́ńbà tó dáa. Ìyẹn ni mo fi lọ ń kí bàbá kú oríire.

Báwo la ṣe wá ń yà wọ́n? Oṣù! Oṣù ni!

Koríko ilẹ̀ gbígbẹ ò ní sùúrù. Òjò rọ̀, ó ta ewé. Òjò dá, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ó ti pọ́n, ó ti gbẹ. Gbòǹgbò ẹ̀ ò jìn. Igi ẹlẹ́gùn-ún ní tiẹ̀ ní omi tó ń mu nísàlẹ̀. Ní Arizona níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, wọ́n rí gbòǹgbò irú igi Prosopis yẹn ní ohun tó lé ní mítà 50 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Mítà 50! Irú igi bẹ́ẹ̀, kí ló kàn án pẹ̀lú pé òjò dá? Tẹ́ ẹ bá wá ya àwòrán ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo koríko ti kú, ohun tó bá ṣì tutù lójú àwòrán yẹn, ẹ dákun, ẹ má pè é ní koríko.

Ẹ wo ìlà méjì tó wà lára ògiri yìí. Ojú kan ṣoṣo nilẹ̀ ni ìlà kọ̀ọ̀kan, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Ìlà àkọ́kọ́ yìí gùn lọ sókè wéré bí òkè onígun, ó tún já wálẹ̀ wéré, koríko nìyẹn. Ìlà kejì rí gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, kò ga tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ kò wálẹ̀ bọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé tán ó ṣì wà lókè díẹ̀. Igi nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi ibi tó ga jù nìkan díwọ̀n wọn, koríko ló borí. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀ẹ̀rùn díwọ̀n wọn, igi ló borí. Ojú ilẹ̀ tó bá ní méjèèjì, ìlà tiẹ̀ á wà láàárín, ibi tó bá tẹ̀ sí la fi ń mọ ìdá tí igi ti gbà.

Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ ṣá. Àwọn igi kan náà máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tẹ́ ẹ bá ya àwòrán lákòókò yẹn, ilẹ̀ á dà bíi pé ó mọ́ féfé. Fún irú ìyẹn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló wà fún wa, ìyẹn ìgbà tí koríko ti kú tí igi ò tíì wọ́wé tán, tàbí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn igi míì máa ń yọ ewé tuntun kí ẹ̀kán òjò kankan tó bọ́. Nítorí ẹ̀ ló ṣe ṣe pàtàkì kí sátẹ́láìtì máa kọjá léraléra. Sátẹ́láìtì Landsat ti àwọn ará Amẹ́ríkà, ọ̀kan ń padà síbì kan náà ní ọjọ́ 16, Landsat 8 àti Landsat 9 ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, tẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ọjọ́ 8. Sentinel-2 ti àwọn ará Yúróòpù, méjì ń tẹ̀ lé ara wọn, ọjọ́ 5. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ọ̀fẹ́ o! Ṣáájú 2008, àwòrán Landsat kan tó dọ́là 600, ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ pápá kan fún ogún ọdún á ta ilé. Láti 2008 tí wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ni irú iṣẹ́ yìí ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ò lówó lè ṣe.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ bí ojú sátẹ́láìtì ṣe tó kún un. Landsat ń rí ilẹ̀ ní mítà 30 sí mítà 30, ìyẹn píksẹ́lì kan, 900 mítà níbùú lóòró. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí ẹ̀ka ẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2, ilẹ̀ tó bò fi díẹ̀ lé ní mítà 3 níbùú lóòró. Ẹ ó kó irú ẹ̀ tó bí 280 kí píksẹ́lì kan tó kún. Landsat ò lè rí igi kan, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é, ìdá nìkan ló lè sọ, pé níbí, bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni igi, lọ́hùn-ún, ogójì. Sentinel-2 ń rí mítà 10, ó sàn, àmọ́ igi kan ṣì kéré sí i.

Àwọn sátẹ́láìtì olówó ńlá wà tí wọ́n ń rí ààbọ̀ mítà. Ní 2020 àwọn kan lo irú àwòrán yẹn, ó ju 11,000 lọ, wọ́n ka igi lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀ oòrùn Sàhárà àti Sahel, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù Sàhárà, lórí ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 1.3 kìlómítà níbùú lóòró, iye tí wọ́n kà ju bílíọ̀nù 1.8 lọ. Kọ̀ǹpútà ló kà á, àmọ́ ta ló kọ́ kọ̀ǹpútà? Èèyàn ló kọ́kọ́ jókòó tó fi ọwọ́ fa ìlà yí igi tó bíi 90,000 ká, igi kan lẹ́yìn ìkejì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ rò pé AI máa gbà yín lọ́wọ́ iṣẹ́, ẹ gbọ́ o.

Kí ló dé tá ò kúkú máa lo ìyẹn nìkan? Owó ẹ̀ ò ṣeé gbọ́, kì í sì í kọjá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ láti sọ oṣù fún wa. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. A ó lo èyí tó ń rí igi kan láti kọ́ èyí tó ń rí ìdá, a ó wá jẹ́ kí ti ọ̀fẹ́ máa ṣọ́ gbogbo pápá lọ.

Àtijọ́ ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Landsat àkọ́kọ́ gòkè ní oṣù keje 1972, ojú ẹ̀ ò mọ́ tó ti òde òní, píksẹ́lì ẹ̀ tó bíi mítà 80. Àmọ́ láti 1960 ni Amẹ́ríkà ti ń fi sátẹ́láìtì Corona ṣe amí Soviet. Fíìmù ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, fíìmù gidi. Tí fíìmù bá kún, sátẹ́láìtì á ju agolo ẹ̀ sílẹ̀ láti òkè, páráṣúùtì á ṣí, ọkọ̀ òfuurufú á wá fi ìkọ́ há a kó tó dé ilẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó. Ní 1995 wọ́n gbé àwòrán amí yẹn síta fún gbogbo ayé. Àwọn tó ń wá ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì ò mọ̀ pé àwọn ń ya pápá ìjẹko pẹ̀lú, èyí tó dáa jù nínú wọn sì ń rí nǹkan bíi mítà 2, èèyàn lè rí orí igi lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì dúdú tó-tò-tó. Mo ti gbé irú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán òde òní rí. Ilẹ̀ tó funfun nígbà yẹn tó ní àmì dúdú mẹ́ta, òde òní ó ti di bí ẹ̀yìn ẹkùn, àmì lórí àmì. Ẹnu mi ò lè pa dé.

Ó ku apá kẹta, irọ́ máàpù, ìyẹn ò ní gùn.

Irọ́ àkọ́kọ́ ni òjò. Ẹ ò gbọ́dọ̀ mú ọdún méjì péré kẹ́ ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Tí ọdún àkọ́kọ́ bá jẹ́ ọ̀dá, tí òjò wá rọ̀ dáadáa ní ìkejì, gbogbo nǹkan á tutù, ẹni tí ò mọ̀ á kọ ọ́ sínú ìròyìn pé pápá ti sàn, ẹlòmíì á kọ ọ́ pé igi ti gba ilẹ̀, àwọn méjèèjì á sì fi àwòrán kan náà jẹ́rìí. Ó kéré tán, ọdún mẹ́wàá, oṣù kan náà, kẹ́ ẹ sì gbé ìwé òjò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Irọ́ kejì, ilẹ̀ pupa àti òjìji. Níbi tí ewéko ò pọ̀, àwọ̀ ilẹ̀ fúnra ẹ̀ máa ń da NDVI rú. Òjìji igi náà, nígbà tí oòrùn bá tẹ̀, kọ̀ǹpútà lè pè é ní nǹkan míì. Rédà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ta ìgbì tiẹ̀ sílẹ̀ tó sì ń ka èyí tó padà wá, lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀ nítorí kò nílò oòrùn, igi tó nípọn ló ń dá a lóhùn, kì í ṣe àwọ̀ ewé.

Irọ́ kẹta ló burú jù, torí èmi àtẹ̀yin la máa ń pa á. Máàpù ò sọ pé igi náà ò dáa. Ewúrẹ́ àti ràkúnmí ń jẹ ewé àwọn kan nínú wọn, oyin ń mu òdòdó ẹ̀, abẹ́ ẹ̀ la ń sinmi sí. Ní Namibia wọ́n ń gé e, wọ́n ń sun ún ní èédú, wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí Yúróòpù. Àwa tá à ń kun igi ní pupa lórí máàpù bí ẹni pé àrùn ni, a ti dájọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Èmi ti ṣíwọ́, àwọ̀ búlúù ni mò ń lò báyìí, ẹnikẹ́ni ò ní rí búlúù kó sá lọ gbé àdá.

Níbi tó bá wá yẹ ká gé e, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán apá ò ní ká a mọ́. Ohun tó wúlò jù lára máàpù ni etí igbó, ibi tí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, tó jẹ́ ìdá márùn-ún tàbí mẹ́wàá, tí ọmọkùnrin méjì lè fi ọ̀sẹ̀ kan hú dànù. Àárín igbó tó ti dí, tẹ́ ẹ bá gé e tẹ́ ò hú kùkùté, á tún rú, àwòrán ọdún mẹ́ta sí i á sì tú àṣírí yín.

Mo padà lọ bá bàbá yẹn. Máàpù mi ní oṣù lọ́tẹ̀ yìí, méjì ni mo tẹ̀ jáde sórí pépà, ìgbà òjò lọ́tùn-ún, ẹ̀ẹ̀rùn lósì. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Èyí dáa, igbó mi nìyí." Wọ́n fi ìka tọ ibi búlúù yẹn lọ títí dé etí pépà, ibi tí máàpù mi parí sí, wọ́n wá bi mí pé "Lẹ́yìn ibí ńkọ́? Ibẹ̀ là ń kó ẹran lọ lóṣù tó ń bọ̀."

Mi ò tíì yà á. Àkókò mi ti tán, wọ́n ti ń ṣẹ́jú sí mi láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè kó nawọ́, àmọ́ ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ gbé máíkì lọ bá àwọn darandaran tó jókòó lẹ́yìn yẹn.